Ìwọ Ọmọ Ìkọ́ṣẹ́, Àmánà Ni Fáìlì Ọwọ́ Rẹ

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí ó fi kálámù kọ́ ẹ̀dá ní ohun tí ẹ̀dá kò mọ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá ọ̀gá wa, Ànábì Muhammad (S.A.W.), àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tẹ̀lé wọn dáadáa títí di ọjọ́ ẹ̀san.



Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ nínú ìwé ìròyìn wa ti oṣù yìí dá lé ìkọ́ṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, èyí tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ sí I.T. Ní ọdún 1971 ni ìjọba àpapọ̀ dá àjọ ITF sílẹ̀, nígbà tí ó sì di 1973, àjọ náà bẹ̀rẹ̀ ètò SIWES, kí akẹ́kọ̀ọ́ má baà jáde nílé ìwé pẹ̀lú ìmọ̀ orí ìwé nìkan. Oṣù 6 ni ti yunifásítì, oṣù 4 ni ti politẹ́kíníìkì. Àwọn tí ẹ̀kọ́ wọn kò sí lábẹ́ ètò yìí pàápàá, bí àwọn kan tí ń kọ́ nípa ọrọ̀-ajé, òfin, tàbí àjọṣe láàárín orílẹ̀-èdè, máa ń fi ẹsẹ̀ ara wọn wá irú ààyè bẹ́ẹ̀ nígbà ìsinmi.

Àwọn kan nínú wọn a máa bọ́ sí ọ́fíìsì ìjọba tí ó ń ṣètò bí Nàìjíríà yóò ṣe bá àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn dòwò pọ̀: ilé-iṣẹ́ òwò àti ìdókòòwò, ilé-iṣẹ́ ìṣúná, ọ́fíìsì tí ó ń dúnàá-dúrà àdéhùn òwò, ọ́fíìsì tí ó ń bójú tó gbèsè orílẹ̀-èdè, báńkì àpapọ̀, tàbí àjọ ECOWAS ní Abuja. Àwọn wọ̀nyí gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, nítorí pé ìbéèrè méjì ni ó máa ń wà lọ́kàn wọn. Èkíní ni pé, ṣé ó yẹ kí Mùsùlùmí lọ sí irú ibẹ̀ rárá, níbi tí a ti ń gbọ́ ìròyìn èlé àti àbẹ̀tẹ́lẹ̀? Èkejì ni pé, kí ni ọmọ ìkọ́ṣẹ́ lè ṣe níbẹ̀, ẹni tí wọ́n ń rán lọ ṣe fọ́tòkọpì?

Ẹni tí ó mọṣẹ́, tí ó sì ṣeé fọkàn tán

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Ànábì Yūsuf (A.S.). Ọba ilẹ̀ Mísírà tí ó ṣiṣẹ́ fún kì í ṣe ẹlẹ́sìn rẹ̀. Síbẹ̀, nínú Súratu Yūsuf, āyà 55, Ọlọ́hun fi yé wa pé Yūsuf fúnra rẹ̀ ni ó ní kí ọba fi òun ṣe alábòójútó àwọn àká ilẹ̀ náà. Kò fi ẹwà rẹ̀ polówó ara rẹ̀, kò sì sọ pé ọmọ ànábì ni òun. Ohun méjì ni ó fi gbé ara rẹ̀ kalẹ̀: pé òun mọ nǹkan pa mọ́, àti pé òun ní ìmọ̀ iṣẹ́ náà. Nígbà tí ìyàn mú, àwọn ará ilẹ̀ mìíràn wá ra oúnjẹ ní Mísírà. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n ti ṣe é níbi wà lára wọn, ó sì wọn ọjà fún wọn ní ẹ̀kún òṣùwọ̀n. Kí ni a ń pe èyí lóde òní bí kò ṣe òwò láàárín orílẹ̀-èdè? Ànábì Ọlọ́hun ni ó sì jókòó ti iṣẹ́ náà.

Nígbà tí Ànábì wa (S.A.W.) dé Mẹ̀dínà, ọmọdé kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Zayd ọmọ Thābit, ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju bí ọdún 11 lọ. Nígbà tí ó yá, Ànábì pàṣẹ fún un pé kí ó lọ kọ́ ìwé àwọn Yàhúdì, nítorí pé ọkàn òun kò balẹ̀ sí ohun tí wọ́n lè ṣe sí ìwé òun. Nínú ohun tí Tirmidhī gbà wá, bí ìdajì oṣù péré ni Zayd fi mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà náà ni ó ti ń kọ lẹ́tà Ànábì sí wọn, tí ó sì ń ka tiwọn fún Ànábì. Ẹ wo ohun tí ó wà nínú ìtàn yìí, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ìjọ tí kò bá lè ka ohun tí ẹlòmíràn kọ, ẹlòmíràn ni yóò máa sọ fún un ohun tí ó wà níbẹ̀. Ọ̀dọ́ ni Ànábì sì gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́.

Nígbà tí Sayyidinā Umar (R.A.) di Kálífà, Abū Mūsā al-Ash'arī kọ̀wé sí i pé bí àwọn oníṣòwò wa bá wọ ilẹ̀ àwọn kan, ìdá kan nínú mẹ́wàá ọjà wọn ni wọ́n ń gbà. Umar fèsì pé bí wọ́n ti ń gbà lọ́wọ́ tiwa ni kí ó máa gbà lọ́wọ́ tiwọn. Owó bodè nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń bá ara wọn fà ní Abuja àti ní Geneva lónìí, Kálífà Mùsùlùmí ti jókòó tì í rí.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé iṣẹ́ yìí kò kan ẹ̀sìn. Tábìlì owó bodè tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní ọdún 2015 ní ìpele 5: òdo, 5, 10, 20, àti 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìpele tí wọ́n bá kọ ọjà sí ni yóò sọ iye tí ẹni tí ń po ọṣẹ ní Ìbàdàn yóò ra èròjà rẹ̀. Àdéhùn òwò ọ̀fẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n fọwọ́ sí ní Kigali ní 2018, tí Nàìjíríà sì fọwọ́ sí ní Niamey ní oṣù keje 2019, sọ pé kí owó bodè kúrò díẹ̀díẹ̀ lórí ìdá 90 nínú 100 irú ọjà tí a ń tà fún ara wa. Èwo ni yóò wà nínú 90, èwo ni a óò dáàbò bò nínú 10 tí ó kù? Aládìrẹ Ìtòkú ní Abẹ́òkúta kì í sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń sọ ọ́. Ìyá tí ń fọ́ epo pupa kì í sí níbẹ̀. Àwọn tí fáìlì wà lọ́wọ́ wọn ni ó wà níbẹ̀. Bí àwọn tí ó bẹ̀rù Ọlọ́hun bá kọ̀ láti mọ iṣẹ́ náà, àwọn tí kò bẹ̀rù Rẹ̀ kò ní kọ̀.

Èlé ń kọ́?

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò béèrè pé, "Àáfà, èlé ń kọ́?" Ìbéèrè gidi ni. Nínú hádíìsì tí Imām Muslim gbà wá, Ànábì (S.A.W.) ṣẹ́ èpè lé ẹni tí ń jẹ èlé, ẹni tí ń san án, ẹni tí ń kọ ìwé rẹ̀, àti ẹlẹ́rìí méjèèjì, ó sì ní bákan náà ni wọ́n rí. A kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ dídùn bo hádíìsì yìí mọ́lẹ̀ nítorí pé a fẹ́ wọ ọ́fíìsì.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹni tí ń wá ààyè kọ́kọ́ wo ọ̀dọ̀ àwọn tí ń rí sí òwò, owó bodè, ọjà títà sí òkè òkun, àti àdéhùn láàárín orílẹ̀-èdè. Iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀. Bí wọ́n bá gbé e sí ọ́fíìsì gbèsè, kí ó fi ọ̀wọ̀ bẹ ọ̀gá rẹ̀ pé ètò sukuk ni òun fẹ́ kọ́. Ọ́fíìsì yìí kan náà ni ó gbé sukuk àkọ́kọ́ ti ìjọba àpapọ̀ jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017. Bílíọ̀nù 100 náírà ni, wọ́n sì yà á sọ́tọ̀ fún ojú ọ̀nà 25 káàkiri agbègbè 6 tí a pín Nàìjíríà sí. Sukuk yẹn kò já bọ́ láti ojú sánmà. Àwọn tí ó mọ òfin Islam nípa òwò àti àwọn tí ó mọ ìwé ìṣúná ni wọ́n jọ jókòó tì í. Bí gbogbo Mùsùlùmí bá ti sá kúrò níbẹ̀, ta ni ìbá sọ fún ìjọba pé ọ̀nà mìíràn wà tí a fi lè kó owó jọ láìsí èlé?

Kíka gbèsè tí ó ti wà nílẹ̀, kí a lè mọ iye rẹ̀, kí a sì lè san án kúrò lọ́rùn àwọn ọmọ wa, kò jọ kíkọ ìwé èlé tuntun. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀rọ̀ bá rú lójú, kí ó má ṣe fi ìfẹ́-inú dá ara rẹ̀ láre. Kí ó lọ bá onímọ̀ ẹ̀sìn tí ó gbọ́ nípa iṣẹ́ ọ́fíìsì, kí ó sì ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún un bí ó ti rí gan-an, láìfi ohunkóhun pa mọ́.

Akọ̀wé tí Ọlọ́hun bá wí

Ní ti ìbéèrè kejì, ẹ ṣí Àlùkùránì yín sí Súratul Baqarah, āyà 282. Òun ni āyà tí ó gùn jùlọ nínú gbogbo Àlùkùránì. Gbèsè ni ó sọ̀rọ̀ lé, àti akọ̀wé. Ọlọ́hun pàṣẹ pé bí a bá dá gbèsè di àsìkò kan, kí a kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní kí akọ̀wé fi déédéé kọ ọ́, kí ó má kọ̀ láti kọ ọ́, kí ó sì má rẹ̀ wá láti kọ ọ́, ìbáà kéré, ìbáà pọ̀. Ọba tí ó dá sánmà àti ilẹ̀ fi àyè tí ó tó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí ń kọ ìwé, ìwọ wá ń sọ pé iṣẹ́ ìwé kíkọ kò já mọ́ nǹkan?

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wa. Kí ó tó di ọdún 2000, àkọsílẹ̀ gbèsè Nàìjíríà fọ́n ká sí ọ́fíìsì oríṣiríṣi. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dá ọ́fíìsì kan ṣoṣo sílẹ̀ fún un ní oṣù kẹwàá ọdún náà. Nígbà tí Nàìjíríà àti àwọn orílẹ̀-èdè tí a mọ̀ sí Paris Club fẹnu kò ní 2005, gbèsè tí ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀ tó bílíọ̀nù 30 dọ́là. Wọ́n fa bí bílíọ̀nù 18 rẹ́, àwa náà sì san bí bílíọ̀nù 12. Ẹni tí kò mọ iye tí ó jẹ, kò lè bá olówó rẹ̀ dúnàá-dúrà. Orúkọ àwọn mínísítà ni a gbọ́ lórí rédíò. A kò gbọ́ orúkọ àwọn tí ń fi ìwé wé ìwé, tí ń fi nọ́ńbà wé nọ́ńbà, títí iye náà fi dọ́gba. Ọlọ́hun mọ orúkọ wọn.

Ẹ tún wo òdìkejì rẹ̀. Ní ọdún 2010, ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ó ń rí sí epo rọ̀bì bá ilé-iṣẹ́ òkèèrè kan tí ń jẹ́ P&ID ṣe àdéhùn gáàsì ọlọ́dún 20. Wọn kò kọ́ ibi tí wọ́n fẹ́ fọ gáàsì náà rárá, síbẹ̀ nígbà tí ó di 2017, ìgbìmọ̀ onílàjà kan ní London ní kí Nàìjíríà san bílíọ̀nù 6.6 dọ́là. Èlé ń gun orí rẹ̀ títí iye náà fi tó bílíọ̀nù 11. Ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni Adájọ́ Robin Knowles ti ilé ẹjọ́ gíga ní London tó sọ pé jìbìtì ni wọ́n fi gba ìdájọ́ náà. Wọ́n ti fún òṣìṣẹ́ ìjọba Nàìjíríà ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀, wọ́n ti jẹ́rìí èké, ìwé àṣírí láàárín Nàìjíríà àti àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi, ìwé kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi rìn jáde ní ọ́fíìsì. Ọwọ́ ènìyàn ni ó ń gbé e. Díẹ̀ ni ó kù kí àwọn tí kò tíì bí ọmọ máa san owó tí ẹnì kan gbà sábẹ́ tábìlì.

Ànábì (S.A.W.) ti kìlọ̀ fún wa. Ó rán ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Ibn Lutbiyyah lọ gba sàká. Nígbà tí ó dé, ó ní èyí ni tiyín, èyí sì ni ẹ̀bùn tí wọ́n fún mi. Ànábì gun mínbárì, ó sì béèrè ìdí tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò fi jókòó sí ilé bàbá tàbí ilé ìyá rẹ̀, kí á wò ó bóyá ẹ̀bùn náà yóò wá bá a níbẹ̀. Fi ìbéèrè yìí wọn gbogbo ohun tí wọ́n bá fún ọ lẹ́nu iṣẹ́. Bí o bá wà nílé ìyá rẹ, ṣé wọn yóò mú un wá?

Ohun tí ó yẹ kí o mú dání

Ìwọ tí o fẹ́ lọ, tàbí tí o ti wà níbẹ̀, gbọ́ ìmọ̀ràn márùn-ún yìí.

Èkíní, ṣe iṣẹ́ kékeré bí iṣẹ́ ńlá. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Bí wọ́n bá ní kí o to fáìlì, tò ó kí ẹni tí yóò wá lẹ́yìn rẹ lè rí i. Bí wọ́n bá ní kí o tẹ iye ọjà tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde, tún un wò lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀gá rẹ lè má tún un wò mọ́ kí ó tó gbé e lọ sí ìpàdé. Bí o bá sì ti ń to fáìlì, kà á bí wọ́n bá gbà ọ́ láyè. Béèrè ohun tí kò yé ọ. Ohun tí Zayd ṣe nìyẹn.

Èkejì, má ṣe kọ irọ́ sínú ìwé iṣẹ́ ojoojúmọ́ rẹ. A mọ àwọn tí kì í lọ síbi iṣẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín oṣù, tí wọn yóò wá fi òru kan kọ iṣẹ́ oṣù 6 sínú logbook, tí wọn yóò sì bẹ ẹnì kan kí ó fọwọ́ sí i. Ẹ̀rí èké ni. Ẹni tí ó fi irọ́ kọ ìwé nígbà tí ó ń kọ́ṣẹ́, kí ni yóò kọ nígbà tí wọ́n bá gbé ìwé bílíọ̀nù síwájú rẹ̀?

Ẹ̀kẹta, pa àṣírí mọ́. Má ya fọ́tò ìwé ọ́fíìsì sórí fóònù rẹ. Má gbé e sórí WhatsApp kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ lè mọ̀ pé o wà níbi ńlá. Owó bodè tí wọn kò tíì kéde, bí oníṣòwò kan bá tètè gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ, yóò kó ọjà pa mọ́, àwọn aláìní ni yóò sì rà á lọ́wọ̀n.

Ẹ̀kẹrin, má gba owó ẹ̀yìn, má sì san án láti rí ààyè. Àbẹ̀tẹ́lẹ̀ tí o fi wọlé ni yóò kọ́ ọ ní èyí tí o máa gbà. Ohun ọ́fíìsì kì í ṣe tìrẹ. Ànábì (S.A.W.) fi yé wa pé ẹni tí a bá fi síbi iṣẹ́, tí ó fi abẹ́rẹ́ lásán pa mọ́ fún wa, yóò gbé e wá lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀. Ǹjẹ́ rísímù bébà kan kò ju abẹ́rẹ́ lọ?

Ẹ̀karùn-ún, jẹ́ kí ìrun rẹ àti ìwà rẹ bára mu. Kí ìrun lásìkò, kí o sì padà sẹ́nu iṣẹ́ lásìkò. Ẹni tí ó fi Súúrí gba wákàtí méjì lọ́wọ́ iṣẹ́ tí a gbé lé e lọ́wọ́ ń ba Islam jẹ́ lójú àwọn tí ó ń wò ó. Ìwọ arábìnrin mi, híjáàbù rẹ kò dí ìṣirò lọ́wọ́. Khadījah (R.A.) fi ọjà ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Shām, ó sì wá ẹni tí ó ṣeé fọkàn tán fún un, Shifā ọmọ Abdullāh sì ni ó kọ́ Hafsah (R.A.), ìyàwó Ànábì, ní ìwé kíkọ. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá kan bá ń wá kí ẹ̀yin méjèèjì nìkan ku sí ọ́fíìsì, tàbí tí ó fi ìwé ẹ̀rí rẹ dẹ ọ́, kọ̀ fún un, kí o sì sọ fún ilé ìwé rẹ àti àwọn òbí rẹ. Ìwé ẹ̀rí kò tó iyì rẹ. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ rẹ ojú yín sílẹ̀, nítorí ẹ̀yin náà ni Ọlọ́hun ń bá wí.

Sí ẹ̀yin àgbà wa

Mo ní ọ̀rọ̀ kékeré fún àwọn òbí àti àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ wa. Ọ̀pọ̀ àwọn ọ́fíìsì tí a ń sọ yìí, Abuja ni wọ́n wà. Ọmọ tálákà láti Ìwó tàbí Ìsẹ́yìn lè rí ìwé ìgbàwọlé, kí ó má rí owó mọ́tò, kí ó má sì mọ ẹni tí yóò gbà á sílé. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí ó lóye yóò ṣe padà sílé, tí ọmọ ẹni ńlá tí kò fẹ́ iṣẹ́ náà yóò sì jókòó sí ipò rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé níbẹ̀, ẹ ṣí yàrá kan sílẹ̀ fún oṣù díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣiṣẹ́ ìjọba fẹ̀yìn tì, ẹ wá bá wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó lọ. Sàdákà tí èrè rẹ̀ kò ní tètè tán ni. Nígbà tí Mūsā (A.S.) dé Madyan láìmọ ẹnikẹ́ni, bàbá kan gbà á sílé, ó sì fún un ní iṣẹ́ ọdún 8, tàbí 10 bí ó bá fẹ́. Kí ni ọmọ bàbá náà rí lára Mūsā tí ó fi ní kí wọ́n gbà á síṣẹ́? Súratul Qasas, āyà 26, sọ fún wa pé agbára rẹ̀ ni, àti pé ó ṣeé fọkàn tán.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀, wọn kò ní béèrè ipò rẹ ní ọ́fíìsì. Wọn yóò béèrè ohun tí ó kọjá lábẹ́ ọwọ́ rẹ, àti bí o ti ṣe é. Alápo ọṣẹ, aládìrẹ, àti ìyá elépo tí kò mọ̀ ọ́ rí yóò wà níbẹ̀ láti gba ẹ̀tọ́ wọn.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn ọmọ wa ní ààyè tí ó ní àlùbáríkà. Kí Ó fi ìmọ̀ kún ìmọ̀ wọn, kí Ó sì so ìmọ̀ náà pọ̀ mọ́ òdodo. Kí Ó ṣọ́ ọwọ́ wọn kúrò nínú haráámù, kí Ó ṣọ́ ẹnu wọn kúrò nínú àṣírí tí kò yẹ ní sísọ. Kí Ó má jẹ́ kí ìwé tí ọwọ́ wa bá kọ tako wa ní ọjọ́ tí a óò ka ìwé iṣẹ́ wa. Àmín, yā Rabbal ālamīn.